Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Ògbólógbòó Kọ́ọ̀ṣì Rélùwéè Ṣe Títí Yóò Fi Tún Rìn

Omi ni olórí ọ̀tá kọ́ọ̀ṣì rélùwéè àtijọ́, ìyẹn ọkọ̀ èrò tí ẹ́ńjìnnì ń fà, orí òrùlé ló sì ti máa ń wọlé. Èyí tí wọ́n ṣe láyé ìgbà tí igi ṣì pọ̀ lára ọkọ̀, pákó ni òrùlé rẹ̀, kánfáàsì tí wọ́n fi ọ̀dà kíki lẹ̀ ni wọ́n sì fi bò ó. Bí kánfáàsì náà bá ya níbì kan péré, òjò á máa rọra gba inú igi sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni yóò ti jókòó. Ẹni tó wà níta á rò pé ọkọ̀ náà ṣì le. Àfi ìgbà tí wọ́n bá ṣí irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, tí igi tó yẹ kó gbé e dúró ń já sọ́wọ́ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í dárúkọ iye tí yóò ná wọn kí wọ́n tó tú u.

Kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Wales, lọ́dún 1951, àwọn èèyàn kan gba Talyllyn, ojú irin tóóró kan tó ti fẹ́ kú, wọ́n sì ń bójú tó o láìgba kọ́bọ̀. Òun ni ojú irin àkọ́kọ́ lágbàáyé tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Britain báyìí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, wẹ́dà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀dà àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní kó máa há. Ọmọ iṣẹ́ ni, bí irun orí rẹ̀ tilẹ̀ ti funfun.

Ọ̀dà híhá yẹn kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Bí wọ́n ṣe ń há a ni àwọ̀ kan ń yọ lábẹ́ òmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ àwọ̀ tí ọkọ̀ náà ní nígbà tó kọ́kọ́ jáde àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára. Ṣùgbọ́n òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, nítorí náà wọ́n á fi omi rẹ ẹ́ kí eruku má baà gbéra, wọ́n á sì bo imú. Asbestos, ohun bí òwú tí wọ́n fi ń dènà ooru, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tún burú ju ìyẹn lọ. Ó wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe ní Britain láàárín ọdún 1950 sí 1960, ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló sì lè kó o jáde.

Ní ti igi, ó rọrùn láti kó gbogbo rẹ̀ dànù kí wọ́n fi tuntun rọ́pò, àmọ́ ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ṣe yẹn, wọn ò tún ti àtijọ́ ṣe. Ibi tó jẹrà nìkan ni káfíńtà tó mọṣẹ́ ń gé. Yóò gé ẹnu igi àtijọ́ àti ti tuntun ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ọ̀kan lè sùn lé èkejì gbọọrọ, kó tó fi gúlúù àti bóòtù dè wọ́n pọ̀. Ìdajì ọjọ́ lè lọ sórí oríkèé kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni ẹ̀mí èèyàn wà. Wọ́n á fi jáàkì gbé ara kọ́ọ̀ṣì sókè, wọ́n á yí férémù ẹsẹ̀ méjèèjì jáde; kẹ̀kẹ́ irin mẹ́rin ló sábà máa ń wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Etí kẹ̀kẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kó yẹ̀ kúrò lórí irin, kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù. Bó bá ti jẹ, orí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e bó ṣe yẹ, ni wọ́n á gbé e lọ. Irin gbọọrọ tó so kẹ̀kẹ́ méjì pọ̀, ẹ̀rọ tó ń lo ìró tí etí kò lè gbọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú sísán inú rẹ̀.

Bíréèkì ló máa ń ya ẹni tó mọ ti mọ́tò lẹ́nu. Ti ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀ṣì àtijọ́, páìpù kan ló gba abẹ́ gbogbo ọkọ̀ kọjá, ẹ́ńjìnnì á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ìgbà tí páìpù bá ṣófo ni bíréèkì ń tú. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wọlé ló ń mú. Bí kọ́ọ̀ṣì kan bá já lẹ́yìn ọkọ̀, páìpù á ya, bíréèkì á sì mú fúnra rẹ̀. Nítorí náà, rọ́bà páìpù kan tó ti sán lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró, kò sì sí ẹni tó máa ń bínú sí i. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á tì í pa, wọ́n á wá máa wo ọwọ́ géèjì: bó bá ń yára wálẹ̀, ó ń jò, wọ́n á tún dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

Kí èrò tó wọ̀ ọ́, òfìfo ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wà á díẹ̀díẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti dúró, wọ́n á fọwọ́ kan àpótí bíárìn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òróró ò dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ tó lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò jìnnà ní Abẹ́òkúta. Káfíńtà wà, wẹ́dà wà, páńẹ́lì bítà àti àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò náà wà. Léètì tó lè gba kẹ̀kẹ́ rélùwéè ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì kò ní. Ní Èbúté Mẹ́tta, ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, ti tún Jaekel House ṣe, ilé kan nínú ọgbà rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898. Ilé kò kúkú nílò ojú irin bíi ti kọ́ọ̀ṣì, ojú irin méjì ló sì wà ní Abẹ́òkúta. Ti àtijọ́, tó gba Láfẹ́nwá kọjá, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, fẹ̀ ní 1,067 mìlímítà. Ti tuntun, tí wọ́n ṣí ní 2021, tí ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká wà lórí rẹ̀ ní Láderin, fẹ̀ ní 1,435. Ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè gun èkejì. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jí kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan dìde ní Láfẹ́nwá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àjọ rélùwéè ṣe àdéhùn lórí irin ti àtijọ́ yẹn, kí wọ́n tó ra ìṣó kan.