Bí owó orí èéfín ṣe ń lé ilé iṣẹ́ sídìí ìwádìí

Ká ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà méjì ń figa gbága ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan ní Tákìé, ìkejì ní Under-G. Jẹnẹrétọ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń fa omi, òun náà ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, bó bá jóná tán, ó ti tú èéfín kábọ́nù bíi kílò 2.7 sójú ọ̀run. Ẹni tó bá ń jó 100 lítà lójúmọ́, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 26, tọ́ọ̀nù 7 ni yóò tú jáde lóṣù.

Ẹni tó ta dísẹ́ẹ̀lì gba owó rẹ̀. Ẹni tó ń fa èéfín símú kò gba kọ́bọ̀. Àìdọ́gba yìí ni owó orí èéfín, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lórí èéfín tí ilé iṣẹ́ bá tú jáde, wá tún ṣe. Finland ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ní 1990. South Africa bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Òfin ojú ọjọ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2021 náà mẹ́nu bà á.

Ká sọ pé ₦10,000 ni wọ́n bù lé tọ́ọ̀nù kan: ₦70,000 lóṣù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílùú, yóò kàn gbé e lé oníbàárà lórí ni. Ṣùgbọ́n bí Tákìé bá fowó kún báàgì kan, Under-G ni àwọn alágbàtà yóò yà sí. Ibí gan-an ni agbára owó orí náà wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọgbọ́n tí sólà yóò fi gbé ẹ̀rọ náà (irin gbígbóná tó ń lẹ ọ̀rá ló le jù níbẹ̀, nítorí ó ń jẹ iná) yóò bọ́ lọ́wọ́ owó orí, yóò sì tún gba oníbàárà mọ́ ẹnìkejì lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù kí aládùúgbò má ṣáájú ló ń mú ahun náwó.

Bí owó orí bá wá wúwo jù, èrè tí wọn ìbá fi ṣèwádìí ló máa gbé lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń wá owó oṣù òṣìṣẹ́ kiri kò ní pe ẹnjiníà.

Àwòkọ ló tún burú jùyẹn lọ. Oníṣẹ́ iná tó bá Tákìé so sólà mọ́ ẹ̀rọ lónìí lè wà ní Under-G lọ́la, owó tó máa gbà níbẹ̀ á sì kéré, torí Tákìé ti sanwó gbogbo àṣìṣe àkọ́kọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ti mọ èyí, oníkálukú á káwọ́ gbera, á máa retí ẹnìkejì. Owó orí nìkan kò lè tú kókó yìí. Ó yẹ kí díẹ̀ nínú owó náà lọ sí ìwádìí gbogbogbòò, ní LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, fún àpẹẹrẹ, tàbí kí àwọn méjèèjì dawó ìwádìí jọ, kí wọ́n wá lọ máa bá ara wọn du oníbàárà lọ́jà.