Gílọ́ọ̀fù kì í ṣe ìfúnpá o

Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá wá kọ́ṣẹ́ (IT) ní láàbù wa, ọwọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n á ti kó gílọ́ọ̀fù sọ́wọ́, wọ́n á fi gbé ìgò ásíìdì, òun náà ni wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fi yọ fóònù lápò torí màmá ń pè, wọ́n á tún fi họ imú. Tí mo bá pariwo, wọ́n á ní "ṣèbí mo wọ gílọ́ọ̀fù, sà."

Ẹ jẹ́ n sọ ti Karen Wetterhahn fún yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Dartmouth l'Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni bí mẹ́táàlì olóró ṣe ń ba ara jẹ́, kì í ṣe ọmọ àná nídìí ẹ̀ rárá. Ní August 1996 ó ń lo dimethylmercury, kẹ́míkà olóró kan tó ní mẹ́kúrì nínú, inú fume hood, àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà síta, ló ti ń ṣe é, ó wọ gílọ́ọ̀fù látẹ́ẹ̀sì, ẹ̀kán bíi mélòó kan wá já bọ́ sórí gílọ́ọ̀fù yẹn. Kò ta á, kò jó o, ọwọ́ ò wú, ó bọ́ gílọ́ọ̀fù, ó fọwọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó tó bí oṣù márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bíi ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ẹ̀ mọ́. June 1997 ló kú. Ìgbà tí wọ́n wá dán gílọ́ọ̀fù yẹn wò, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ò tiẹ̀ pé tí kẹ́míkà yẹn fi gbabẹ̀ kọjá!

Kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ló ní gílọ́ọ̀fù tó ń dá a dúró. Gílọ́ọ̀fù nitrile dáa fún nǹkan púpọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá da acetone, irú èyí tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, sí i, kì í pẹ́ tó fi ń wọlé, gílọ́ọ̀fù rọ́bà butyl ló lè dá a dúró. Ẹ wo SDS, ìwé tó ń bá kẹ́míkà wá yẹn, abala 8 ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti kà.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni ike omi. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan rọ fọ́málíìnì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, sínú ike omi, kò kọ nǹkan kan sí i lára, ó gbé e sórí tábìlì, ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀ ti ṣí i tán, ó kù díẹ̀ kó dà á sẹ́nu, òórùn ẹ̀ ló yọ ọ́. Èyí tí ò ní òórùn ńkọ́?

Ti ẹ̀jẹ̀ àti kòkòrò àrùn náà ò gbẹ̀rín. Dókítà kan tó ń ṣèwádìí àrùn, Adrian Stokes, wà lára àwọn tó fi hàn pé ibà pọ́njú (yellow fever) ṣeé kó ran ọ̀bọ, 1927 nìyẹn, September ọdún yẹn náà ni ibà pọ́njú pa òun fúnra ẹ̀ l'Ékòó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí wọ́n ń pè ní 17D ò dé títí 1937. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi ẹnu fa pipette, ọ̀pá tín-ín-rín tá a fi ń wọn omi, àbí tẹ́ ẹ ń dé abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbẹ̀jẹ̀ tán, kí lẹ ń lé gan-an? Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, ẹ fi tíṣù bò ó, ẹ da bílíìṣì tẹ́ ẹ po òní sí i, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́sàn-án, látẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Kí bílíìṣì yẹn má pàdé ásíìdì o! Gáàsì chlorine ló máa bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po Jik mọ́ Harpic láti fọ ṣáláńgá nílé, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

Ẹ bọ́ gílọ́ọ̀fù látọrùn ọwọ́, kí inú ẹ̀ di ìta, ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Fóònù yẹn, ẹ fi sílẹ̀ nínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Màmá á tún pè.