Ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ kó tó gún yín lábẹ́rẹ́ áńtíbáyọ́tíìkì

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé dókítà ló ń kọ oògùn, tí nọ́ọ̀sì kàn ń gún abẹ́rẹ́. Dókítà ló ń kọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ ṣì pọ̀ kí oògùn náà tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ àwa nọ́ọ̀sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà.

Ẹ̀jẹ̀ tí à ń fà kọ́kọ́ ń bí àwọn ẹbí nínú. “Ẹ̀jẹ̀ lẹ ń fà láti àárọ̀, ẹ ò tíì fún màmá wa lóògùn!” Tí oògùn bá ti ṣáájú, kòkòrò tí láàbù ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà lè má hù mọ́, àbá la ó wá máa dá. Ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára gan-an ní tirẹ̀, a kì í tìtorí ẹ̀jẹ̀ fi oògùn rẹ̀ falẹ̀: láàárín wákàtí kan ló yẹ kó gbà á.

A tún máa ń béèrè oògùn tí kì í bá yín lára mu. Tẹ́ ẹ bá ní pẹnisílínì ni, màá bi yín pé kí ló ṣe yín. Inú rírun lásán yàtọ̀ sí kí ètè wú, kí ara lé tàbí kí èémí há. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì wọn pé pẹnisílínì kò bá wọn lára mu, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló lè lò ó tí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Ẹ má dán an wò nílé o!

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa ní Nàìjíríà, ẹbí aláìsàn ló ń ra oògùn. Dókítà kọ ceftriaxone, abẹ́rẹ́ áńtíbáyọ́tíìkì kan, ọlọ́jọ́ méje, ìgò méjì ni wọ́n rà wá, owó sì tán. Tí n kò bá kọ ọ́ sí ìwé pé aláìsàn kò gba oògùn lánàá, dókítà á rí i pé ibà kò lọ, á rò pé oògùn náà ti kùnà, ó sì lè yí i sí meropenem, áńtíbáyọ́tíìkì mìíràn tí owó rẹ̀ ga jù ú lọ fíìfíì. Oògùn tí kò wọ ara, báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́?

Láti ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín áńtíbáyọ́tíìkì sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a lè kọ́kọ́ nawọ́ mú, bí àmọ́síṣílínì, èyí tó yẹ ká máa ṣọ́ lò, níbi tí ceftriaxone àti meropenem wà, àti èyí tí a fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, bíi colistin. Mo gbà pé àkọsílẹ̀ kékeré yẹn, pé aláìsàn kò gba oògùn lánàá, ni iṣẹ́ tó tóbi jù tí nọ́ọ̀sì ń ṣe lórí oògùn wọ̀nyí, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́ rẹ̀. Torí náà, tí owó bá ti fẹ́ wọ́n yín, ẹ tètè sọ fún wa. Ó lè jẹ́ pé èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ á ṣe é.

Tá a bá jí yín láàárín òru, ẹ má bínú: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ túmọ̀ sí wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ áńtíbáyọ́tíìkì tó ń jẹ́ jẹntamáísìnì lẹ ń gbà, tí etí ń hó tàbí tí ìtọ̀ ń dín kù, ẹ pè wá kíákíá.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí ibà ti rọ̀, tí aláìsàn ti ń jẹun, à ń rán dókítà létí pé bóyá oògùn oníhóró ti tó. Àwọn mìíràn á ní a ti pa èèyàn wọn tì. Rárá o. Ibi tí a ki abẹ́rẹ́ sí lápá, ọ̀nà ni fún kòkòrò tuntun, àìsàn míì sì wà tí oògùn oníhóró ń ṣe bí abẹ́rẹ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin náà lè bi wá. Àárọ̀ ló dáa jù, kí àwọn dókítà tó yí wọ́ọ̀dù ká, torí tí wọ́n bá ti kọjá, ó lè di ọjọ́ kejì.