Kò sí ẹni tó ń ṣe ìlara eré yín

Bí eré àwọn ọ̀dọ́ kan bá dáwọ́ dúró lójijì lórí tẹlifíṣọ̀n, tí a kò tíì mọ èyí tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ máa mú nínú ọmọkùnrin méjì tó ń lé e, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi. Ní Ìjàgun, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Tai Solarin pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ náà máa ń di àríyànjiyàn gidi. Ẹnì kan á ní ọmọ tó ṣe olórí eré ló gbéra ga, owó tó béèrè ti pọ̀ jù. Òmíràn á ní àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kò fẹ́ kí ohun gidi wà fún ọ̀dọ́. Àǹtí tó ń dirun á wá fi tirẹ̀ kún un: "Ayé ni, jàre. Wọn kì í jẹ́ kí ohun tó dùn pẹ́."

Ohun kan náà ni gbogbo wọn gbà gbọ́: pé eré tí àwọn èèyàn bá fẹ́ràn kò yẹ kó dúró, bó bá sì dúró, ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ òdì ni. Mo mọ ìdí tó fi dùn-ún gbà gbọ́, torí ó ń fún wa ní ẹni tí a ó bínú sí.

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kì í ta eré. Ojú wa ni wọ́n ń tà, fún àwọn tó ń polówó ọjà. Ẹni tó bá ti dé ayẹyẹ Òjúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Kò sẹ́ni tó ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wo àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà) tó ń jó kọjá nínú aṣọ olówó iyebíye, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn wọn: pátákó iléeṣẹ́ fóònù ló kún ibẹ̀. Iléeṣẹ́ yẹn kò náwó nítorí pé ó fẹ́ràn ẹṣin. Èrò ló tẹ̀ lé wá, lọ́jọ́ tí èrò bá lọ síbòmíràn, òun náà á kó pátákó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

Wàhálà eré ọ̀dọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ojú ló níye lórí bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 49 ni àwọn olùpolówó ọjà máa ń sanwó gidi lé lórí, torí àwọn ló ń ra ọṣẹ, ọkọ̀ àti ìbánigbófò. Ọmọ ọdún 14 tó ń sunkún nítorí eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò wọ inú ìṣirò yẹn. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe irọ́, kò kàn mú owó wọlé ni.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni My So-Called Life, eré ọ̀dọ́ tí ABC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lóṣù kẹjọ ọdún 1994. Claire Danes ló ṣe Angela Chase, ọmọ ọdún 15, ọjọ́ orí tirẹ̀ náà sì nìyẹn. Lóṣù kìíní ọdún 1995, ó gba ẹ̀bùn Golden Globe gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ nínú eré tẹlifíṣọ̀n. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ìpín 19 jáde, òun ló sì gbẹ̀yìn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ABC kéde pé ó ti parí. Bí ẹ bá sọ èyí fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n rí i pé ó gbẹ̀bùn, ara ta wọ́n."

Àkókò tí wọ́n gbé e sí ló kọ́kọ́ ṣe é léṣe. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ, ni. NBC, iléeṣẹ́ tó ń bá ABC du òǹwòran, gbé Friends, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, sí aago mẹ́jọ ààbọ̀, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ gé e sí méjì. Fox náà ní Martin àti Living Single, àwọn eré apanilẹ́rìn-ín tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré wò. Láyé ìgbà yẹn, kò sí pé màá wò ó lọ́la lórí fóònù. Ẹni tó bá jókòó ti ọ̀kan ti pàdánù ìyókù. Kékeré ni iye àwọn tó ṣẹ́ kù fún Angela, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn díẹ̀ yẹn lè kú lé e lórí.

Ẹ̀sùn pé ọmọ tó ṣe olórí eré ló fà á ńkọ́? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní bò ó. Ọmọdé ni Claire Danes, òfin kò sì gbà kí ọmọdé ṣiṣẹ́ ju iye wákàtí tí wọ́n là sílẹ̀ lọ lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ eré náà fi ń fi ọ̀rọ̀ bàbá àti ìyá Angela dí àlàfo, kí ọmọ lè sinmi, kó sì ráyè kàwé. Nígbà tó yá, kò wù ú mọ́ láti tẹ̀ síwájú. Winnie Holzman, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun rí i pé kò wu Claire mọ́, ọwọ́ òun náà rọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní iye òǹwòran pọ̀ ni, ṣé ABC máa jókòó káwọ́ gbera nítorí pé ó rẹ ọmọ ọdún 15? Èmi kò gbà. Wọn ì bá bẹ̀ ẹ́, wọn ì bá sì fi owó bẹ àwọn òbí rẹ̀.

Ti Freaks and Geeks, eré ọ̀dọ́ mìíràn, kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìpín 18 ni wọ́n ṣe, 12 péré ni NBC tíì gbé jáde kí wọ́n tó fagi lé e lóṣù kẹta ọdún 2000. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ́ wo ló ń jókòó sílé lálẹ́ Sátidé?

Àwọn kan á ní ayé àtijọ́ nìyẹn, pé ní ayé Netflix kò sí aago mẹ́jọ tí èèyàn ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìṣirò kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n á fi iye tí eré ń ná wọn wé iye èèyàn tó wò ó, wọ́n á wo iye tó wò ó tán, àti bó ṣe yá àwọn èèyàn lára tó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Owó àwọn òṣèré sì máa ń gòkè bí apá kejì àti ìkẹta bá ti ń dé, nítorí náà eré tí èrò rẹ̀ dúró sójú kan ti ń jẹ gbèsè.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọmọ Ìjàgun sọ̀rọ̀. Ẹnì kan nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ní Netflix, ọ̀rẹ́ márùn-ún jókòó yí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ká, jẹnẹrétọ̀ ń dún níta. Lójú Netflix, ẹnì kan ni ẹ̀yin mẹ́feèfà. Ẹni keje gbà á lórí Telegram, ó fi Xender ránṣẹ́ sí àwọn ará yàrá kejì: àwọn yẹn ò tilẹ̀ sí láyé. Ẹni tó sọ pé òun ń dúró kí apá kejì dé kí òun tó wò ó pa pọ̀, òun gan-an wà lára ohun tí kò ní jẹ́ kí apá kejì dé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Dátà wọ́n, èmi náà mọ̀.

Nígbà míì, kò tilẹ̀ kan òǹwòran rárá. Ní ọdún 2019 ni Netflix ti fọwọ́ sí apá kejì eré ọ̀dọ́ kan, The Society. Àrùn Kòrónà dé, ìnáwó ibi tí wọ́n ti ń ya eré lọ sókè, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 wọ́n fagi lé e pẹ̀lú eré mìíràn, I Am Not Okay with This. Ti Anne with an E tún yàtọ̀: CBC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Kánádà, àti Netflix ló jọ ń náwó sí i. Ní ọdún 2019, ọ̀gá àgbà CBC sọ pé àwọn kò ní bá Netflix dá irú òwò yẹn pọ̀ mọ́, eré náà sì parí lórí apá kẹta. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n tilẹ̀ gba pátákó ìpolówó sójú títì. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò méjì ni, ẹ̀bẹ̀ òǹwòran kò lè parí rẹ̀.

Nílé wa níbí, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kì í ra eré lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ṣe é ló ń sanwó àkókò tí wọ́n fi gbé e sáfẹ́fẹ́, òun ló tún ń wá onígbọ̀wọ́ kiri. Bí onígbọ̀wọ́ bá yọwọ́, eré parí, ì báà jẹ́ pé gbogbo Ṣàgámù ló ń wò ó. MTV Shuga, eré ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2009 tó sì dé Nàìjíríà lọ́dún 2013, owó àwọn àjọ tó ń gbógun ti àrùn HIV ló wà nídìí rẹ̀. Ìbéèrè àwọn yẹn ni bóyá ọ̀dọ́ ń lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe bóyá ọmọkùnrin yẹn fẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Nígbà tí Prime Video, tí òun náà ń gbé eré jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Netflix, sì sọ lóṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn kò ní náwó sí eré tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́, kì í ṣe pé wọ́n wo eré kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pinnu. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n fẹ́ kó owó náà lọ.