Ta ló kú kí Lazarus tó jí?

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́, ní kí n bá àwọn ṣe ètò tí yóò máa ṣírò owó ẹgbẹ́. Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Ubuntu, irú Linux kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ni ọmọ wọn tó wà ní FUTA fi sórí tiwọn. Mo ṣí Lazarus, irinṣẹ́ tí mo fi ń kọ ètò, níwájú wọn. Màmá sún awò ojú wọn sókè, wọ́n ka orúkọ tó yọ.

"Ọmọ mi, Lásárù inú Bíbélì nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Ta ló wá kú?"

Nǹkan kú lóòótọ́.

Tẹ́lẹ̀, kéèyàn tó rí bọ́tìnnì kan ṣoṣo lójú Windows, á ti kọ kóòdù rẹpẹtẹ. Alan Cooper ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà mìíràn dé: fi màósì fa nǹkan, gbé e síbi tó bá wù ọ́. Microsoft ra iṣẹ́ rẹ̀ ní 1988, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ BASIC, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò, ó di Visual Basic ní 1991. Ní oṣù kejì ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Borland gbé Delphi, irinṣẹ́ irú rẹ̀, jáde. Pascal ni èdè tirẹ̀, Anders Hejlsberg ọmọ Denmark ló ṣáájú àwọn tó kọ ọ́. Visual Basic rọrùn láti kọ́, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n Delphi lọkàn mi fẹ́: ètò téèyàn bá fi kọ ń sáré bí ẹṣin. Àléébù rẹ̀ nígbà náà ni pé Windows nìkan ló mọ̀, owó rẹ̀ kò sì ṣeé sọ létí akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Megido, irú Delphi tí yóò jẹ́ ọ̀fẹ́. Megido tú ká. Cliff Baeseman, Shane Miller àti Michael Hess, tí wọ́n ti fẹ́ lọ́wọ́ sí i, fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1999, wọ́n fi orúkọ ẹni tó jí dìde sọ ọ́. Mo sọ fún màmá pé ká ní Oǹdó ni wọ́n bí wọn sí ni, Málọmọ́ ni wọn ìbá sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọ náà kò tètè rìn. Free Pascal, compiler (ohun tó ń sọ kóòdù di ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) tí Florian Klämpfl ti bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ló gbé e pọ̀n, síbẹ̀ 2012 ni Lazarus 1.0 tó jáde. Borland náà gbìyànjú Linux ní 2001 pẹ̀lú Kylix, irú Delphi ti Linux. Ìyẹn kú, kò sẹ́ni tó jí i.

Ohun tó mú Lazarus yàtọ̀ ni pé kì í ya bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Lórí Windows, bọ́tìnnì Windows ló ń yá lò. Lórí Linux, ti GTK tàbí Qt, àwọn àkójọ bọ́tìnnì ibẹ̀. Lórí Mac, ti Cocoa, àkójọ tiwọn. Kóòdù kan náà ni, èèyàn kàn máa kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fa bọ́tìnnì sórí fọ́ọ̀mù, mo pa "Button1" rẹ́, mo kọ "Àròpọ̀ owó" síbẹ̀. Ó bá ààyè mu rẹ́gí lójú tèmi.

Nígbà tó dé orí Ubuntu màmá, lẹ́tà ibẹ̀ sanra ju ti Windows lọ.

"Àròpọ̀ o," ni wọ́n kà. "Kí ló jẹ wó?"

Mo padà sínú fọ́ọ̀mù, mo tan AutoSize, tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì fẹ̀ tó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Wó padà.