Ọmọ ti ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ nílé-ìwé ní London, fọ́ọ̀mù wá jẹ́ ti kí ni?

Lẹ́nu géètì ilé-ìwé kan ní Peckham, ìyá kan gba fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀fẹ́, ó ká a sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò, ó ní, "Èyí ò kàn mí." Ó dùn mí, torí ó kàn án gan-an. Ìbéèrè tí àwọn òbí wa máa ń bi mí nípa rẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè: Gbogbo ọmọ ló kúkú ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Kí la tún ń kọ orúkọ sí?

Òótọ́ ni. Láti 2014 ni àwọn ọmọ Reception, ìyẹn kíláàsì tó ṣáájú Year 1, dé Year 2 ti ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo England. Láti oṣù kẹsàn-án 2023, owó tí Méyọ̀ London gbé kalẹ̀ ló ń bọ́ Year 3 dé Year 6 nílé-ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni oúnjẹ, ọ̀tọ̀ ni owó tó ń bá orúkọ ọmọ rìn. Bí òbí bá kọ fọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì rí i pé owó tó ń wọlé fún ìdílé náà kéré, ìjọba á fi owó àfikún kan tí wọ́n ń pè ní pupil premium ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Fún 2025 sí 2026, £1,515 ni lórí ọmọ primary kan, £1,075 lórí ọmọ secondary. Bí orúkọ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́fà ni owó náà fi ń tẹ̀lé ọmọ, kódà bí nǹkan bá ti ṣẹnuure fún òbí. Ká ní òbí ọmọ mẹ́wàá ká fọ́ọ̀mù sápò, ilé-ìwé ti pàdánù ju £15,000 lọ lọ́dún kan. Inú irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó olùkọ́ tó ń jókòó ti ọmọ tí ìwé kíkà kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Mo ti rí ọ̀kan rí, ọmọ Year 2, lórí tábìlì kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olùkọ́ sì ń dúró dè é.

Ìbéèrè: NRPF (no recourse to public funds, ìyẹn ni pé a ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) wà lórí físà wa. Ṣé kò ní kó bá wa ní Home Office?

Ìbẹ̀rù yìí ló pọ̀ jù láàárín wa, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó ti tọrọ owó kó tó san ti físà kò ní fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Àmọ́ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé kò sí lára ohun tí òfin físà ń pè ní public funds. Kódà, ìlànà tó wà fún àwọn ìdílé NRPF fẹjú ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní London, bí ọmọ bá jẹ́ ọ̀kan, owó tó ń wọlé kò gbọ́dọ̀ ju £31,200 lọ́dún; bí wọ́n bá jẹ́ méjì sókè, £34,800. Owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ ju £16,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Bí ọ̀rọ̀ ìwé yín bá lọ́jú pọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ò fẹ́ oúnjẹ òyìnbó, ìrẹsì tèmi ló ń gbé lọ.

Kó máa gbé e lọ. Fọ́ọ̀mù ò fi dandan mú ọmọ pé kó jẹ ẹ́. Owó ilé-ìwé á ṣì wọlé.

Ìbéèrè: Ojú ń tì mí.

Ìlà kan náà ni gbogbo ọmọ ń tò sí, àwo kan náà ni wọ́n ń gbé. Nílé, bí ọmọ aládùúgbò bá bá wa lórí oúnjẹ, a ó ní kó lọ fọwọ́ ni. A kì í béèrè iye tí bàbá rẹ̀ ń gbà.

Ìbéèrè: Tó bá dé secondary ńkọ́?

Owó Méyọ̀ kò dé Year 7. Ìjọba ti kéde pé láti oṣù kẹsàn-án 2026, ọmọ gbogbo ìdílé tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, ní England lè jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, primary àti secondary. Síbẹ̀ ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù bóyá ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ. Nọ́ńbà National Insurance àti ọjọ́ ìbí yín ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹ̀yin NRPF, ẹ mú ìwé owó oṣù dání. Ìyá ọjọ́sí yẹn, èmi àti ẹ̀ jọ tú fọ́ọ̀mù ẹ̀ jáde nínú àpò, a tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ ní ibùdókọ̀, a sì kọ ọ́ parí kí bọ́ọ̀sì tó dé.