Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Tẹ́: Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Pápákọ̀ Òfuurufú Orí Kọ̀ǹpútà

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ tẹ́míná pápákọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tí mo ṣe sínú kọ̀ǹpútà. Mo gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbẹ́ irin ẹnu ọ̀nà, mo tún gbẹ́ àga tí èrò ń jókòó sí nínú ilé, èyí tí kò sí awakọ̀ bàálù kan tó máa rí i láéláé. Ọjọ́ tí mo parí, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó wá wò ó. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó títí, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

Mo yọjú wò ó. Lóòótọ́, ilé náà léfòó, ó tó ìdúró ènìyàn kan tó fi ga ju ilẹ̀ lọ. Koríko tó yí i ká sì tutù minimini bíi ti ìlú òyìnbó, bẹ́ẹ̀ oṣù kejì ọdún la wà, gbogbo Ìlọrin ti gbẹ táútáú.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun ní Táńkẹ̀ níbí, ìyẹn ló kó mi sí wàhálà yẹn. Ẹni tó mọ ilé yà máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa bàálù bọ̀ láti òkè, ilẹ̀ ló ń rí: àwọ̀ ilẹ̀, ìlà tí wọ́n kùn sí ránwéè (títì gbọọrọ tí bàálù ń sáré lórí ẹ̀), páànù tó ti dípẹtà, igi tó dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́míná ló ń rí gbẹ̀yìn, nígbà tó bá ti balẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Simulator ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kéèyàn máa wa bàálù látorí àga ilé ẹ̀. X-Plane wà níbẹ̀, Microsoft Flight Simulator wà níbẹ̀ (èyí tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni tuntun nínú wọn), FlightGear náà wà, òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ló wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jẹ́ àfọkànrò. Kọ̀ǹpútà á wo àwòrán sátẹ́láìtì tàbí dátà máàpù, á ní ilé ni èyí, igbó ni ìyẹn, á wá fi ilé àti igi tó bá ní lọ́wọ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fò kọjá lórí Ọjà-Ọba kí ẹ rí òrùlé tí ẹ ò rí rí láyé yín. Kò sí ẹni tó máa tún un ṣe fún wa ju ẹni tó mọ ibẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, X-Plane ni mo máa ń ní kó mú. Irinṣẹ́ rẹ̀, WorldEditor, tí gbogbo wa ń pè ní WED, ọ̀fẹ́ ni, kò sì pọn dandan kí ẹ mọ ilé gbẹ́ kí ẹ tó lò ó. Inú Microsoft Flight Simulator fúnra rẹ̀ ni irinṣẹ́ tirẹ̀ wà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Developer Mode. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó nípọn ló ń fẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ bí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ṣe rí.

Ránwéè ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ́. Ẹ mú pápákọ̀ wa tó wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n fi sọrí Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn. DNIL ni àmì tí àwọn awakọ̀ fi ń pè é, òun náà sì ni ẹ ó tẹ̀ sínú WED. Ránwéè kan ló ní, ó gùn ju kìlómítà 3 lọ, orúkọ rẹ̀ ni 05/23. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ẹ fi òdo kan kún 05, ó di 50: ibi tí kọ́ńpáàsì bàálù ń tọ́ka sí nìyẹn, bíi ìwọ̀n 50, nígbà tó bá ń ti apá Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn. Ẹ gba orí kejì wọlé, ó di 230. Bàálù kì í fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ti òun lẹ́yìn tó bá ń balẹ̀, ńṣe ló máa ń kọjú sí i. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ wo bí títì yẹn ṣe nà, ẹ ó rí i pé ó bá afẹ́fẹ́ méjèèjì mu wẹ́kú.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ bí ránwéè ṣe fẹ̀ tó láìgbé téèpù lọ síbẹ̀? Ẹ ka ìlà. Ní orí ránwéè ńlá, wọ́n máa ń kun àwọn ìlà funfun gbọọrọ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí eyín òòyà. Òfin àgbáyé ló sọ iye wọn: 12 ni ti ránwéè tó fẹ̀ ní mítà 45, 16 ni ti mítà 60. Ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 1.8, gígùn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí mítà 30. Ẹ fẹ àwòrán sátẹ́láìtì títí tí ìlà wọ̀nyẹn á fi hàn, ẹ kà wọ́n. Mo ti rí ẹni tó tẹ́ ránwéè mítà 45 tó wá kun ìlà 16 sórí ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ó ti parí iṣẹ́. Páílọ́ọ̀tì tó fi hàn kò tíì balẹ̀ tó fi ní nǹkan kan kò tọ̀nà níbẹ̀.

Àwòrán sátẹ́láìtì náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ má gé àwòrán Google sínú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ pín fún ayé. Ìwé àdéhùn wọn kò gbà á. Dátà OpenStreetMap ṣeé lò bí ẹ bá ti dárúkọ wọn. Èkejì ni ìgbà tí wọ́n ya àwòrán náà. Èyí tí wọ́n bá yà lẹ́ẹ̀rùn, ẹ ó rí ilẹ̀ pupa, ẹ ó rí àbàwọ́n dúdú níbi tí iná oko ti jó. Ti ìgbà òjò á tutù yọ̀yọ̀. Ẹ mú àsìkò kan, kí ẹ má bàa fi koríko oṣù kẹjọ yí ránwéè ọyẹ́ ká. Ní tèmi, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń mú, torí yangí tó hàn létí títì ni ẹni tó mọ Kwara máa fi dá a mọ̀ látòkè. Ẹ gbin igi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó jìnnà síra, irú igi emi àti igi tí à ń ká irú lára ẹ̀. Ẹ má dà á bo ilẹ̀ bí igbó Oǹdó.

Ti ilé tó léfòó ńkọ́? Ilẹ̀ inú simulator ní gegele àti kòtò. Pápákọ̀ Ìlọrin ga tó bíi mítà 343 sí ojú òkun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ilé balẹ̀ sí ló rí bákan náà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ìwọ̀n gíga fún ilé yẹn, mo rò pé mo gbọ́n. Ohun tó yẹ ni kí ẹ jẹ́ kí ilé fúnra rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ tó bá, kí ẹ sì fa ìpìlẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ ní mítà kan tàbí méjì kí kòtò má bàa tú u fó. WED tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní exclusion zone: ẹ ó fa igun mẹ́rin yí pápákọ̀ ká, ẹ ó ní kí kọ̀ǹpútà má fi ilé tàbí igi àfọkànrò síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rí igi láàrin ránwéè.

Ẹ wàyí o, ẹ lè kọ́lé. Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi gbẹ́ ilé, ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ fi ara balẹ̀ lórí awọ ilé, ìyẹn àwòrán tí à ń fi bo ògiri, ju bátànì rẹ̀ lọ. Ẹ lọ wo ògiri èyíkéyìí ní ìlú yìí lẹ́yìn òjò méjì mẹ́ta. Láti ilẹ̀ títí dé bíi orúnkún, ẹrẹ̀ pupa ti ta sí i lára. Ó ki nísàlẹ̀, ó ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ sókè, ibi tí òjò ti ń ṣàn láti ẹnu páànù ló pọ̀ sí jù. Ògiri tó funfun láti òkè délẹ̀ kò sí ní Ìlọrin, àyàfi tí wọ́n bá kùn ún lánàá. Ọjọ́ tí mo fi àbàwọ́n ẹrẹ̀ yẹn sí ẹsẹ̀ tẹ́míná mi, tí mo sì yọ gbogbo àga inú ẹ̀ dànù, ni ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ilé.

Ẹ fi fóònù ya ògiri àti páànù ní ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, kí òjìji má bàa wà lára ẹ̀. Ẹ dúró gangan níwájú rẹ̀, ẹ má dábùú rẹ̀. Ẹ gé e sí píksẹ́ẹ̀lì 1024 tàbí 2048 ní ìbú àti òró. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti pápákọ̀. Ògiri ilé aládùúgbò mi ló wà lára ilé ìkẹ́rù tèmi, màmá tó ni ín kò sì tíì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà pápákọ̀ máa ya fọ́tò káàkiri. Wọ́n ti mú mi jókòó fún wákàtí méjì níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fi àwòrán ilé ìṣọ́ ṣe. Àlàyé simulator kò wọ ọ̀gá yẹn létí rárá. Ẹ kọ lẹ́tà gba àyè ṣáájú. Díróònù náà kò ṣeé gbé sókè láìgba ìwé àṣẹ ìjọba.

Tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ jáde láti inú WED, ẹ ó rí fáìlì kan tó ń jẹ́ +08+004.dsf. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀: ìlà ìbú ayé 8 àti ìlà òró ayé 4 ni, ibi tí Ìlọrin wà lórí ayé. Ẹ gbé fódà iṣẹ́ yín sínú Custom Scenery, fódà kan tó wà nínú X-Plane, ó parí. Tó bá jẹ́ pé ohun èlò inú X-Plane nìkan lẹ lò, tí kò sí ilé tí ẹ gbẹ́ fúnra yín níbẹ̀, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Scenery Gateway, ibi tí àwọn tó ni X-Plane ti ń gba pápákọ̀ tí àwọn èèyàn ṣe. Bí wọ́n bá gbà á, á máa bá X-Plane lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó ń lò ó. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má sáré gbẹ́ ilé nìyẹn.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn náà ni mo tún pè. Ó gba apá Ògbómọ̀ṣọ́ wọlé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ń wá iná mẹ́rin tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ránwéè: funfun méjì, pupa méjì, bó bá rí bẹ́ẹ̀, bàálù ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Bùọ̀dá, funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mò ń rí."

Ó ti ga jù. Mo ní kó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù.